Bí mo ṣe mú ohùn àti àwòrán bára mu nínú fíìmù abanilẹ́rù wa

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìran ìkanlẹ̀kùn yẹn fi gba oorun lójú mi. Níbẹ̀rẹ̀, ohùn àti àwòrán ṣe déédéé. Nígbà tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ obìnrin náà á ti kúrò lára ilẹ̀kùn kí a tó gbọ́ "gbì!" Ta ni ẹ̀rù máa bà bẹ́ẹ̀?

Mo ń fa ohùn síwá sẹ́yìn, mo ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Pàbó ló já sí. Fóònù la fi ya àwòrán, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ la fi gba ohùn. Iye férémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) tí fóònù ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í sábà dúró sójú kan, pàápàá nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ òru ni gbogbo fíìmù wa. Ìdí nìyẹn tí ohùn àti àwòrán fi ń yà kúrò lára ara wọn.

Mo gbé fáìlì àwòrán sínú HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, mo yan "Constant Framerate" (iye férémù tó dúró sójú kan) ní 24, iye tí a ṣètò fóònù sí. Àtẹ́wọ́ tí a pa níwájú kámẹ́rà ni mo fi tún ohùn tò. Ó bọ́ síra gẹ́lẹ́ dé òpin. Inú mi dùn gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gé ohunkóhun. Àtúntò ìran méjìlá tí mo ti gé tẹ́lẹ̀ ló gba àkókò mi jù.