Bí Mo Ṣe Tú Báàsì Onígi fún Ìrìnàjò Ọkọ̀ Òfurufú

Báàsì onígi ni ohun èlò orin ńlá olókùn mẹ́rin tí a máa ń dúró ta. Yíyá rẹ̀ níbi tí a bá dé kò burú fún ẹni tó ń ka orin lójú ìwé. Ti àwa olórin jáàsì tí à ń hun orin lójú agbo yàtọ̀: ìró tí mo ń wá nísàlẹ̀ afárá (igi tó gbé okùn sókè), tàbí èyí tí mo ń gbá lára pákó ẹ̀gbẹ́, igi tèmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n wà lára rẹ̀. Mo bá tú ọrùn báàsì mi, mo sì gbé e wọ bàálù.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ yanjú. Láti ọdún 1992 ni òfin tó le jù nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, ti de igi rosewood ti Brazil. Eyín erin náà wà nínú òfin, ó sì máa ń wà ní orí ọ̀pá onírun ẹṣin tó ti pẹ́, èyí tí a fi ń fa okùn báàsì. Ẹni tí ohun èlò rẹ̀ bá ní èyíkéyìí nínú wọn gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí ohun èlò orin ti CITES, tí kì í lò ju ọdún 3 lọ. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gba ẹrù kan ṣoṣo tó bá ju kílò 32 lọ. Báàsì kò ju nǹkan bíi kílò 10. Àpótí ló wúwo. Má ki bàtà mọ́ ọn.

Òpó inú, igi kékeré tó dúró láàárín ojú àti ẹ̀yìn báàsì, ni mo bẹ̀rù jù, kì í ṣe ọrùn. Kò sí àtè kankan tó mú un. Agbára okùn tó ń tẹ ojú báàsì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló gbé e dúró, lẹ́yìn ẹsẹ̀ afárá tó wà lápá okùn G, èyí tó tín-ín-rín jù. Tí ọrùn kò bá ṣeé tú, dẹ okùn díẹ̀ péré, òpó yóò dúró. Tèmi gbọ́dọ̀ dẹ̀ pátápátá, nítorí náà mo ní kí oníṣẹ́ báàsì kọ́kọ́ ṣe òpó tó fún dáadáa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì gba ihò ojú rẹ̀, mo ya òpó ní fọ́tò, mo sì fi pẹ́ńsù fa ilà yí ẹsẹ̀ afárá ká.

Mo tẹ́ báàsì sílẹ̀ lórí ẹ̀yìn, mo ki fóòmù sábẹ́ pátákó ìdí okùn kó má bàa ha igi ojú tó rọ̀. Mo dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀ ní ìpààrọ̀; ẹni tó bá dẹ ẹyọ kan tán kó tó kan èkejì ń pe afárá kó ṣubú ni. Mo yọ afárá, mo di okùn mọ́ aṣọ, mo wá fi sípánà tú bóòtù ọrùn. Fi ọwọ́ kejì gbé ọrùn kí bóòtù tó yí kẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ á ṣán.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀, n kò ṣí àpótí fún wákàtí mélòó kan, kí igi lè bá ooru yàrá mu. Mo yẹ òpó wò sí fọ́tò, mo de ọrùn padà, mo fi pẹ́ńsù kun ihò okùn lórí afárá kí okùn lè máa yọ̀, mo dá afárá padà sórí ilà tí mo fà, mo sì yí okùn le díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń le ni wọ́n ń fa orí afárá síwájú. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń tì í padà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúró gbọnrangandan. Ohùn yóò tún wálẹ̀ mọ́jú, torí náà ó dára kí èèyàn dé ní ọjọ́ kan ṣáájú eré. Irin tí a fi ń gbé òpó tó bá ṣubú ní ṣóńṣó mímú. Inú àpótí ni kó wà, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú lè gbà á lọ́wọ́ rẹ bó bá wà nínú báàgì ọwọ́.