Ẹ ò túlẹ̀ mọ́, ohun ọ̀gbìn ò wá ṣe dáadáa: ẹ ka eléyìí kí ẹ tó bi mí

Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán.

Ìbéèrè: Àgbàdo mi ń pọ́n rúsúrúsú látìgbà tí mi ò ti túlẹ̀. Ṣé kí n padà sídìí katakata?
Ìdáhùn: Rárá o. Pòròpórò ló bo ilẹ̀ yín, àbí? Kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 60 náítírójìn (oúnjẹ ọ̀gbìn tó ń jẹ́ kí ewé tutù) tó ní, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ kó jẹrà sì nílò náítírójìn jùyẹn lọ, wọ́n á lọ fa ti inú ilẹ̀ mu kó tó kan àgbàdo. Ẹ fi díẹ̀ nínú fẹtiláísà yín síbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbìn. Tó bá yá ilẹ̀ á máa dá a padà.

Ìbéèrè: Mo fọ́n yúríà (fẹtiláísà tó ní náítírójìn), mi ò rí ìyàtọ̀.
Ìdáhùn: Orí koríko lẹ fọ́n ọn sí, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Mo máa ń sun koríko kí n tó gbìn.
Ìdáhùn: Ẹ má sun ún mọ́.

Ìbéèrè: Àyẹ̀wò ilẹ̀ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (oúnjẹ ọ̀gbìn míì) pọ̀, àmọ́ ewé àgbàdo ń di elésè àlùkò.
Ìdáhùn: Háà, eléyìí fojú mi rí màbo. Ọdún kẹfà tí mi ò túlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, mo fi fẹtiláísà kún un, kò gbọ́, mo pààrọ̀ irúgbìn, pàbó, láàbù tó yẹ ilẹ̀ wò ní pH ilẹ̀ mi (ìwọ̀n ásíìdì inú ẹ̀, bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe ń pọ̀ sí i) jẹ́ 5.8, pé kò sí wàhálà. Ìgbà tí òjò wá dá ni mo fa àgbàdo kan tu, gbogbo gbòǹgbò ẹ̀ ti kó jọ sókè bí ẹní, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti gbẹ táútáú, ekòló tó máa ń pọ̀ níbẹ̀ náà ò sí mọ́. Mo bá bu ilẹ̀ sí àpò méjì, íńṣì 2 òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀. Ti òkè jẹ́ 4.7! Pípò tí mo máa ń pò wọ́n pọ̀ ló ń bo àṣírí yẹn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn nínú ilẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá dà á sí ló máa wà, kò sì sí ohun tó ń yí ilẹ̀ dà fún un mọ́, yúríà ọdọọdún sì ti sọ òkè di ásíìdì, ìyẹn ni gbòǹgbò ò ṣe rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà fà mu dáadáa. Mo fọ́n láìmù (ìyẹ̀fun òkúta tó ń dín ásíìdì ilẹ̀ kù) sórí ilẹ̀ bí láàbù ṣe ṣírò ẹ̀, mo wá ń ki fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irúgbìn, ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ ju irúgbìn lọ. Ó gbà mí ní ìgbà ọ̀gbìn méjì kí ewé tó padà dúdú, torí láìmù tí wọ́n fọ́n sókè kì í yára wọlẹ̀. Ẹ má dá iye láìmù pín fúnra yín o, tó bá pọ̀ jù kò ní jẹ́ kí ọ̀gbìn rí síńkì (oúnjẹ ọ̀gbìn míì) fà mu nínú ilẹ̀.

Ìbéèrè: Omi ń dúró lójú oko, gbòǹgbò ò wọlẹ̀.
Ìdáhùn: Ẹ ki ọ̀pá irin bọ ilẹ̀ níbi mẹ́wàá nígbà tó bá rin. Tí ọ̀pá náà bá ń dúró ní ìwọ̀n jíjìn kan náà níbi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ilẹ̀ ti ki nísàlẹ̀ nìyẹn, ẹ pe ẹni tó kọ́ nípa ilẹ̀ kó wá wò ó kí ẹ tó háyà ẹ̀rọ kankan.