Ẹ jẹ́ kí sítóòfù yín mí: ìtọ́jú sítóòfù onípẹ́lẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Oǹdó, ìyẹ̀fun pákó tí a ń kó nílé ìlagi ni màmá mi fi ń dáná. Wọ́n á gbé ìgò kan dúró sáàárín garawa, wọ́n á da ìyẹ̀fun yí i ká, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ kó le, wọ́n á wá fa ìgò náà yọ. Ihò tí ìgò fi sílẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Bí ihò yẹn bá wó pẹ́nrẹ́n, iná di èéfín nìyẹn, ojú gbogbo wa á sì máa ṣomi.

Ọdún karùn-ún rèé tí èmi àtàwọn ọmọ ti ń yáná pẹ́lẹ́ẹ̀tì ní Maine, ní Amẹ́ríkà. Ìyẹ̀fun pákó kan náà ni. Ẹ̀rọ ló fún un pọ̀ tó fi le, tó sì rí bí igi bírò tí a gé kélekèle. Ohun tó ń pa iná rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti garawa màmá mi: kí ọ̀nà atẹ́gùn dí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Irin kan tó ń yí po ń ti pẹ́lẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ látinú àpótí rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò iná. Ìkòkò yìí ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí. Fáànù kan ń fa èéfín jáde sínú páìpù, bó sì ṣe ń fà á ni atẹ́gùn tuntun ń gba àwọn ihò yẹn wọlé. Fáànù kejì ló ń fẹ́ ooru sí yàrá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo iná. Iná tó ń mí dáadáa mọ́lẹ̀ kedere, ó ń jó kíákíá bíi pé ẹnì kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó bá ga, tó pọ́n bí epo, tó ń mì lọ́ra lọ́ra, tí gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ń há nìyẹn.

Bọ́tìnì ni kí ẹ fi pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, torí fáànù tó ń lé èéfín jáde á dúró, èéfín á sì yà sínú ilé. Ìgbà tó bá tutù pátápátá ni kí ẹ tó fa wáyà yọ, kí ẹ wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àárọ̀ ni mo máa ń ṣe tèmi, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Mo ń fi irin pẹlẹbẹ ha ìkòkò iná, torí eérú máa ń yọ́, á sì dì bí òkúta sídìí rẹ̀. Mo ń gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀: bí mi ò bá rí ìmọ́lẹ̀ nínú ihò kan, mo ń fi ìṣó gún un. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ rí i pé ìkòkò náà jókòó dáadáa sáyè rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Gíláàsì kò nílò oògùn kankan. Bébà ìwé ìròyìn tó tutù díẹ̀, tí a tọ́ sínú eérú, ó ti tó.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fa eérú inú rẹ̀. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fa eruku kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yín iná kan ṣoṣo lè jó o, eérú kíkúnná á sì tú padà sínú yàrá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún eérú, tó ní ikùn onírin.

Eérú fúnra rẹ̀ ni mo bẹ̀ yín kí ẹ bẹ̀rù. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo da eérú tí mo rò pé ó ti kú sínú garawa oníke lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ mọ́, mo bá ìdí garawa náà tó ti yọ́. Ẹ̀yín iná lè pa ojú dé sínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan láìkú. Garawa onírin tó ní ọmọrí ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e sórí kọnkéré, jìnnà sí ilé àti pákó. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ fi dídà rẹ̀ dọ̀la.

Iṣẹ́ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò 50 tó jẹ́ 40 páùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ló dùn mí jù. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kejì, sítóòfù wa ń kú lóru, ní bí aago mẹ́ta, nígbà tí òtútù le jù. Ẹni tí mo pè pààrọ̀ ohun tó ń tanná sí i, mo sanwó, ó tún kú. Ìgbà tí mo tú àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ibi tí iná ti ń jó, ni mo rí i: eérú kún ibẹ̀ pìtìmù. Ibẹ̀ ni èéfín ń gbà lọ sọ́dọ̀ fáànù. Ẹ tú wọn, ẹ fà á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ fáànù èéfín àti inú páìpù títí dé ìta. Ìwé tó bá sítóòfù yín wá á fi hàn yín ibi tí ìdè wọn wà.

Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn sítóòfù, ẹ ti ilẹ̀kùn náà, kí ẹ wá fa bébà. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, okùn ẹnu ilẹ̀kùn ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ sì rí i pé aago tó ń kígbe bí carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró iná tí kò ní òórùn, bá wà nílé ṣì ń dún. Mo ń tẹ tiwa wò lóṣooṣù.

Bí ẹ bá ń ra pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìwọ̀n eérú tí wọ́n kọ sára àpò: kó má ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ má gbé àpò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó mu omi á wú, á tún padà di ìyẹ̀fun.

Ní oṣù Èbìbí, mo ń kó gbogbo pẹ́lẹ́ẹ̀tì inú àpótí jáde, mo ń fa ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù nídìí rẹ̀, mo ń fọ páìpù, mo wá ń fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀ lóde kí ẹyẹ má baà kọ́lé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ń lẹ bébà mọ́ ojú gíláàsì, mo kọ ọ́ gàdàgbà: «Yọ aṣọ ẹnu páìpù kí o tó dáná.»