Ọjọ́rú Tí Ọbẹ̀ Kàn Wá

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà ti wà nínú fáìlì ọmọ mi, ọjọ́ Àìkú ni mo tó rí i. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé náà ló ní fáìlì pupa tirẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń délé: iṣẹ́ tí olùkọ́ ti máàkì, ẹsẹ Bíbélì tí ọmọ máa kọ́ sórí fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oúnjẹ tí wọ́n máa sè lọ́sàn-án, àti ìwé tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ìyá wọn ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe lọ́sẹ̀ náà, ni ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ orúkọ ìdílé wa síwájú Ọjọ́rú, ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 2024. Ọbẹ̀, ènìyàn 90.

Ọ̀pọ̀ wa ní Amẹ́ríkà níhìn-ín ló ń fi ọmọ sí irú ilé-ìwé báyìí. Bí irú ìwé yẹn bá kan ilé yín, ẹ lè rí nǹkan mú nínú ohun tí ojú mi rí.

Ìlú kékeré kan la ń gbé ní Missouri, kò jìnnà sí St. Louis. Ilé-ìwé ìjọ Luther ni, ọmọ 62 péré, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì kẹjọ. Kíláàsì méjì ló ń jókòó sínú yàrá kan lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Ọmọ mi obìnrin ló yí mi lérò padà: kíláàsì kẹta ló wà, ó wá ń ṣe ìṣirò kíláàsì kẹrin lórí tábìlì wa nílé, ó ní òun gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó jókòó lẹ́yìn òun.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àwọn ará Saxony tó ṣí kúrò ní Jámánì gúnlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Missouri ní 1839, ọdún náà kò sì parí kí wọ́n tó fi ìtì igi kọ́ ilé-ìwé. Martin Luther fúnra rẹ̀, ẹni tí ìjọ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti kọ̀wé sí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú gbogbo ní Jámánì ní 1524 pé kí wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Pásítọ̀ wa fẹ́ràn lẹ́tà yẹn gan-an, pàápàá lọ́dún tí owó ilé-ìwé bá gbówó lórí.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ńlá wọn. Aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ni ìsìn àwọn ọmọ, àwọn kíláàsì kẹjọ á di àwọn kékeré lọ́wọ́ mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, oníkálukú pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n fún un láti tọ́jú. Òbí tó bá ráyè á jókòó lẹ́yìn. Kátíkísìmù Kékeré tí Luther kọ ní 1529 ni wọ́n ń kọ́, ìbéèrè kan náà ló sì ń jáde níbẹ̀ léraléra: kí ni èyí túmọ̀ sí? Áńgílíkà ni wọ́n fi wò mí dàgbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú kátíkísìmù tiwa ni “Kí ni orúkọ rẹ?” Ọmọ mi ọkùnrin ti sọ tiwọn di ohun ìjà. Mo ní kó lọ sùn, ó ní kí ni èyí túmọ̀ sí.

Owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbà. Wákàtí 20 ni ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lọ́dún: fífọ abọ́, kíkun ògiri, wíwa ọkọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń rìnrìn àjò. Ẹni tí kò bá ṣe é á san owó dípò. Ọdún àkọ́kọ́, a sanwó. Kò sẹ́ni tó bá wa wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ wá náà. Èmi ni bàbá tó máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ń dúró kí àwọn ọmọ jáde.

Tí Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, bá wá dé, ìsìn alẹ́ Ọjọ́rú náà á wà, àwọn òbí á sì máa gbọ́bẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó wọlé ìsìn. Lọ́dún náà, Ọjọ́rú Eléérú tí Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọjọ́ olólùfẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ mi délé pẹ̀lú eérú níwájú orí, ṣokoléètì sì kún àpò wọn.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè. Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló lù níbí, aago márùn-ún ìdájí lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn.

“Ọbẹ̀ kí ni wọ́n fẹ́?”

“Ọbẹ̀ ṣá ni, Mà. Ṣíbí ni wọ́n máa fi mu ún.”

“Kí ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́?”

“Búrẹ́dì díẹ̀.”

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ọkọ mi, omi ọbẹ̀ lo fẹ́ sè fún ọmọ ọlọ́mọ yẹn.”

Ìyá mi kò tètè gbà pé ìjọ gidi ni ìjọ Luther. A kò mọ̀ wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Apá Ibesikpo lọ́hùn-ún, ní Akwa Ibom, ni àwọn míṣọ́nnárì wọn láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1936. Ṣùgbọ́n Kúdẹtì ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ìyá mi, nínú ìjọ tí David Hinderer dá sílẹ̀ nígbà tó wá gbé Ìbàdàn ní 1853. Mo rán wọn létí pé ará Jámánì ni Hinderer, láti Württemberg, ilẹ̀ àwọn ọmọ Luther, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì àwọn Áńgílíkà, ló rán an wá. “Ẹ̀hẹ́n!” ni wọ́n wí. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn ti di tiwọn.

Ọbẹ̀ wo wá ni? Ẹ̀pà jáde lákọ̀ọ́kọ́: ọmọ kan wà níléèwé náà tí ẹ̀pà lè pa, òfin wọn sì ni pé kò gbọ́dọ̀ wọlé, àti òróró rẹ̀. Ẹ̀gúsí kì í ṣe ẹ̀pà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dúró máa ṣàlàyé fún ènìyàn 90. A fẹnu kò sí omi ọbẹ̀ adìyẹ, tó sún mọ́ pẹ́pẹ́súùpù láìsí ata: áyù, atalẹ̀, ìyèré díẹ̀, tíìmù, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì. Ata máa wà lọ́tọ̀ nínú abọ́ kékeré. Ìrẹsì náà lọ́tọ̀, ìyá mi ló tẹnu mọ́ ọn. Tí mo bá dà á sínú ọbẹ̀ láti ọ̀sán, wọ́n ní yóò ti mu gbogbo omi rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, n óò wá máa bu àsáró fún wọn.

Mo ṣírò rẹ̀ báyìí. Ife kan àbọ̀ fún ènìyàn kan, ìlọ́po 90, ó jẹ́ ife 135. Ife 16 ló wà nínú gálọ́ọ̀nù kan, nítorí náà gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ ló máa tó. Mo ra itan adìyẹ kílò 14. Ìkòkò ńlá tí a rà nígbà ìkómọ àbíkẹ́yìn wa ni mo gbé jáde, lítà 40 ló ń gbà, mo sì gbé e ka iná gáàsì lẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aládùúgbò wa yọjú lórí ọgbà, ó béèrè bóyá a ń ṣe ìgbéyàwó.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ títutù. Nílé wa, ìkòkò ọbẹ̀ á sùn lórí ààrò, wọ́n á gbé e kaná láàárọ̀, ó parí. Ìyá àgbà kan wà tó ń bójú tó ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, òun ló pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti kìlọ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé 70 lórí ìwọ̀n Fahrenheit láàárín wákàtí méjì, kó sì dé 41 kí wákàtí mẹ́rin mìíràn tó pé. Ìkòkò lítà 40 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, inú rẹ̀ á ṣì gbóná di ọjọ́ kejì. Ni mo bá pín in sínú páànù pẹlẹbẹ mọ́kànlá, mo to yìnyín sábẹ́ wọn lórí tábìlì ìjẹun, mò ń fi tẹmómítà gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi dókítà. Ìyàwó mi tó ń múra ibi iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí títí, kò sọ nǹkan kan, ó lọ.

Aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́rú, mo ti wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkòkò oníná ńlá tí wọ́n ń pè ní roaster ni wọ́n máa ń lò, ìkọ̀ọ̀kan ń gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Mo da ọbẹ̀ sínú méjì, mo ki wáyà méjèèjì bọ ara ògiri kan náà, mo yí iná rẹ̀ sókè dópin. Ọbẹ̀ adìyẹ tí a tún ń gbé kaná gbọ́dọ̀ dé 165 kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná lọ. Ẹnu mi ti là láti kígbe NEPA kí n tó rántí ibi tí mo wà. Àwọn méjì tó ń gé búrẹ́dì kò tilẹ̀ gbójú sókè. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń to àga, rọra mú mi lọ sídìí àpótí bírékà. Mi ò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, “sà” ni mò ń pè é, ó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ṣírò rẹ̀ fún mi nínú òkùnkùn: roaster kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,450, méjì jẹ́ 2,900, bírékà 20 áńpù lórí fóòtì 120 kò sì lè gbé ju 2,400 lọ. Ó fa bírékà náà sókè, iná dé. Nígbà náà ni ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri tí mo ki wáyà bọ̀. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti di ti tíì, ẹnì kan ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé roaster KAN ṣoṣo. Ojú mi ló fọ́.

A fa wáyà ìkejì lọ sí yàrá àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ Ìsinmi. Ọbẹ̀ tó kù níbẹ̀ dé 165 ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sí àkókò oúnjẹ.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gba àdúrà tí gbogbo ilé Luther mọ̀, pé kí Jésù Olúwa wá ṣe àlejò wọn, àdúrà tí ọmọ mi ọkùnrin ti ń gbà lórí ẹ̀bà láti ọdún tó kọjá. Wọ́n tò, wọ́n bù ú, àwọn kan padà wá. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì kẹjọ fi abọ́ ata ṣe ìdíje títí olùkọ́ wọn fi gbé e kúrò. Ènìyàn 83 ló wá. Ó ṣẹ́kù bíi gálọ́ọ̀nù kan, ìyá àgbà yẹn rọ ọ́ sínú ike, ó ní ó ní àwọn opó mẹ́ta tí òun máa gbé e fún.

Mi ò rí àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n ń kọrin nínú ìsìn. Ìdí àwo fífọ̀ ni mo wà. Mo gbọ́ orin náà láti òkè àjà, pẹ̀lú ìró ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Basíà mẹ́ta ló wà, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi mímọ́, ọ̀kan fún omi tó ń pa kòkòrò. Bàbá àgbẹ̀ ń nu nǹkan gbẹ. Ẹni tó dúró sí basíà ọṣẹ ni ìyá ọmọ kan tó wà ní kíláàsì ọmọ mi obìnrin. Ó pẹ́ tó ti ń fọ̀ ọ́ láìsọ̀rọ̀, kó tó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ mi gan-an. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí òun ti ń pè é, òun sì mọ̀ pé òun ń ṣì í pè. Mo pè é fún un. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú omi ọṣẹ dé ìgúnpá. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló bọ́ sí i. Bàbá àgbẹ̀ náà wá fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú.

Wákàtí 12 ni mo kọ sínú ìwé wọn, láìka ti ìpè Ìbàdàn.

Aago mẹ́sàn-án kọjá nígbà tí a délé, n kò sì rántí ìkòkò ìkómọ tí mo fi kó àwọn páànù wá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ìyàwó mi tó béèrè rẹ̀. Mo lọ wò ó lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná lókè pátápátá, láàárín àwọn ìkòkò àti páànù àwọn ìdílé mìíràn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ kọjá bí mo ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Wọ́n lẹ téèpù funfun mọ́ ìdérí rẹ̀ bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti gbogbo ènìyàn, orúkọ wa sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú bírò, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé, ẹnì kan tilẹ̀ ti rántí fi àmì sábẹ́ Ọ.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé tó bá ti fẹ́ lò ó, kó sọ fún mi, n óò lọ gbé e wá.