Bí mo ṣe fi ìnagijẹ dá àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú òkun mọ̀ ní Sachuest Point

Ìwé àwọn ẹyẹ Amẹ́ríkà tí mo rà dára lójú, àmọ́ tó bá di ìgbà òtútù, tí ìgbì ń ru, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ omi iyọ̀ síni lójú, kò wúlò fún mi létí òkun. Kí n tó ṣí i dé ibi tí mò ń wá, pẹ́pẹ́yẹ ọ̀hún ti rì sábẹ́ omi. Ohun tó gbà mí ni orúkọ tí àwọn ọdẹ, àwọn apẹja àti àwọn tó ń wo ẹyẹ létíkun fi ń pè wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kó àwọn ìnagijẹ yìí jọ sórí bébà kan, mo fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa bà á jẹ́, ó di Sachuest Point.

Ìlú Middletown ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ni ibẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Newport. Ilẹ̀ tó yọ ṣóńṣó sínú omi ni, òkúta yí etí rẹ̀ ká, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ inú rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹrin ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun máa ń wà níbẹ̀. Mo dúró kí oòrùn kọjá àtàrí kí n tó lọ, torí apá ìlà oòrùn ni mo fẹ́ wò. Ẹni tó bá lọ láàárọ̀, oòrùn á kọjú sí i, gbogbo ẹyẹ á kàn dúdú lójú rẹ̀ ni. Ní ti aṣọ, ẹ má fi òtútù ọyẹ́ wé e o. Ẹ wọ ibọ̀wọ́, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù léra.

Bí mo ṣe to bébà náà ni pé mo kọ́kọ́ kọ àwọn orúkọ tó jẹ mọ́ ohùn. Whistler, ìyẹn asúfèé, ni wọ́n ń pe Common Goldeneye, torí pé ìyẹ́ rẹ̀ máa ń súfèé bó bá ń fò. Kò dìgbà tí mo rí i kí n tó mọ̀ pé ó ń kọjá. South-southerly ni ti Long-tailed Duck: igbe rẹ̀ ni wọ́n ń sín jẹ. Ẹyẹ yìí ní orúkọ àtijọ́ mìíràn tó jẹ́ èébú fún àwọn obìnrin ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 2000 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹyẹ níbẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Mi ò kọ ọ́ sórí bébà tèmi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn orúkọ ojú àti orí. Skunk-head ni Surf Scoter. Skunk jẹ́ ẹranko kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ó dúdú, ó ní ìlà funfun lẹ́yìn, ó sì máa ń tu omi olóòórùn burúkú síni lára. Akọ pẹ́pẹ́yẹ náà dúdú látòkè délẹ̀, àfi funfun tó wà níwájú orí rẹ̀ àti ní ìpàkọ́. Butter-bill ni Black Scoter, torí kókó aláwọ̀ ìyeyè tó wà ní ìdí àgógó rẹ̀. Bébà mi ti tó mi fún àwọn méjèèjì, àfi ìgbà tí mo bá bàbá òyìnbó kan pàdé, ọdẹ àtijọ́, tó ń pe gbogbo wọn ní coot. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ New England, ìyẹn agbègbè tí Rhode Island wà, ṣe ń pe scoter. Ẹyẹ mìíràn sì wà nínú ìwé tó ń jẹ́ Coot, tí kì í tilẹ̀ ṣe pẹ́pẹ́yẹ! Tí ẹ bá bá àgbà ọdẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ béèrè èyí tó ń wí.

Bufflehead ń jẹ́ Butterball nítorí ọ̀rá tó máa ń kó sára kí òtútù tó dé. Ó kéré, ó rí rọ́bótó, kò ṣòro.

Pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹ́ Harlequin gan-an ló gbé mi débẹ̀. Lords and Ladies ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àwọn ọlọ́lá àtàwọn ìyáàfin wọn. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ aró tó ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà, ìlà funfun tí dúdú yí létí sì wà lójú, lọ́rùn àti láyà rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Abo ní tirẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú àmì funfun rọ́bótó lójú. Lójú tèmi, akọ nìkan ni ẹni tó sọ wọ́n ní Lords and Ladies ń wò. Orúkọ kejì wọn ni Sea Mouse, eku òkun, nítorí wọn kì í dún bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ṣe ni wọ́n ń han ṣín-ṣín. Orúkọ yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ohùn ló ń júwe, akọ àti abo sì jọ ni ín.

Láti rí wọn, mo gbé awò ńlá lé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, mo dojú rẹ̀ kọ ibi tí ìgbì ti ń fọ́ mọ́ òkúta, mi ò sì yí i kiri mọ́. Àárín ìgbì yẹn ni wọ́n ti ń rì wá akàn àti ìgbín omi. Ẹyẹ mìíràn á sá fún ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ òkú wọn wò ti rí eegun tó kán tó sì ti jinná nínú ara ọ̀pọ̀ wọn. Bí ìgbì bá gbé omi sókè, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Bó bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á yọ, wọ́n á sì tún rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á gun òkúta láti sinmi, ìgbà yẹn ni ẹ máa wò wọ́n dáadáa.

Àwọn Harlequin tó wà ní ìlà oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà kò pọ̀. Ní ọdún 1990, Kánádà kà wọ́n mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun. Ní 2001 ni wọ́n dín in kù sí àwọn tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta lọ bá wọn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lókè ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní New Jersey, Harlequin máa ń wá síbi ògiri òkúta tó wà lẹ́bàá Barnegat, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, náà nígbà òtútù. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kí ẹ má sì gun òkúta náà nígbà tí ìgbì bá ń gorí rẹ̀.