Ìdí tí àwọ̀ fi yí padà kí ethanoic acid tó tán

Nígbà tí mo ń kán sodium hydroxide 0.1 M (bésì kan; M ni òdiwọ̀n bí ó ṣe ki tó) sínú 25 cm³ hydrochloric acid 0.1 M, methyl orange, èròjà tí mo fi sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè fi hàn pé ásíìdì ti tán, yí padà láti pupa sí ìyeyè ní nǹkan bí 25 cm³. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lo ethanoic acid (ásíìdì inú ọtí kíkan) oníwọ̀n kan náà, ó ti di àwọ̀ ìyeyè kí n tó dé 8 cm³, bẹ́ẹ̀ iye bésì tí àwọn méjèèjì nílò kò yàtọ̀. Àṣé methyl orange máa ń parí ìyípadà àwọ̀ rẹ̀ ní pH 4.4 (pH ni òdiwọ̀n bí omi ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí bésì tó; bó bá ṣe ń ga sí i ni ásíìdì ń dín kù), nígbà tí ethanoic acid, tí kì í tú gbogbo hydrogen rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tán títí di nǹkan bí pH 8.7. Mo wá fi phenolphthalein, èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn tí kì í ní àwọ̀ títí pH yóò fi kọjá nǹkan bí 8, rọ́pò methyl orange. Lórí bébà funfun, ẹ̀kán kan ṣoṣo sọ omi náà di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ní 25 cm³.