"No space left on device": àyè wo ló tán?

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tíṣà físíìsì kan gbé laptop tòkunbọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ gba ìmúdójúìwọ̀n Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ fi tan wò), "No space left on device" ló ń rí. "Ẹnjiníà, 500 GB ni dísíkì yìí, n ò tíì lo ìdajì ẹ̀. Àyè wo ló tún ń bèèrè?"

Ọ̀rọ̀ dísíkì kọ́. Ṣíìpù kékeré kan wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ń kó ẹrù tirẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni db wà, ìyẹn àkójọ ìwé-ẹ̀rí àwọn tí ẹ̀rọ gbà láyè kó tan. Ibẹ̀ náà ni dbx wà, àkójọ àwọn tí wọ́n ti lé jáde. KB ni wọ́n fi ń wọn ibẹ̀.

Hash kan (ó dà bí ìtẹ̀ka fáìlì) nínú dbx ń gba báìtì 48: 32 fún hash SHA-256 fúnra rẹ̀, 16 fún àmì ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó kéré, àbí? Ní 2020, nígbà tí àléébù BootHole jáde nínú GRUB, ètò tó ń tan Linux, hash 150 àti ìwé-ẹ̀rí 3 ni wọ́n kó sínú dbx lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 10 KB lọ nínú 32 KB tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní fún un. Ìwé-ẹ̀rí Microsoft ti 2011 náà tún rèé, tí ọjọ́ wọn ń pé láti oṣù kẹfà ọdún 2026. Àwọn ti 2023 gbọ́dọ̀ ráyè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Tí Windows bá wà lórí ẹ̀rọ yín pẹ̀lú BitLocker tó ń ti dísíkì pa, ẹ kọ recovery key rẹ̀ sórí ìwé ná, torí ó lè bèèrè rẹ̀ tí db tàbí dbx bá yí padà. Kí bátìrì kún, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀. Iná tiwa kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ wá ṣí Terminal, kí ẹ wo àyè tó kù:

df -h /sys/firmware/efi/efivars

Ti tíṣà: Size 128K, Used 124K, Avail 0. Ó wò mí. "128 yọ 124, ṣé 4 kọ́ ló kù ni?" Tíṣà ni lóòótọ́. Mo ní kernel Linux, ìyẹn ọkàn rẹ̀, máa ń fi 5 KB pa mọ́, kì í jẹ́ kí a kàn án. Ara àwọn laptop Samsung kan ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yẹn ní 2013: bí ṣíìpù wọn bá ti kún jù, wọn ò ní tan mọ́ láéláé.

Ta ló wá gba ibẹ̀?

ls -lS /sys/firmware/efi/efivars

Mo rí àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dump-type0. Bí kernel bá dákú, ó lè kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sínú ṣíìpù yìí, ní ègé ègé bíi 1 KB. Mo ka 38. Mo ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń dákú ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́dún tó kọjá, kí n tó pààrọ̀ RAM." RAM ti lọ, àwọn àkọsílẹ̀ yẹn ò tẹ̀ lé e.

sudo rm /sys/firmware/efi/efivars/dump-type0-*

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà yẹn gẹ́lẹ́. Bí rm bá kọ̀ fún yín lórí fáìlì mìíràn, ẹ má fi chattr, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì tí wọ́n tì, fipá mú un o. Kernel ló mọ̀ọ́mọ̀ ti ibẹ̀ pa, nítorí ní 2016 àwọn kan pa gbogbo fóldà yìí rẹ́, mọ́dábọ́ọ̀dù wọn sì kú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn. Ìparẹ́ níbí dà bí ìgbà tí ìyá aláwìn fa ìlà lórí gbèsè nínú ìwé rẹ̀: gbèsè ti tán, ṣùgbọ́n ojú ìwé ò tíì ṣófo. BIOS ló máa tún ibẹ̀ tò, lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan. Nígbà tó tan, Avail ti di 37K. Mo wá gba ìmúdójúìwọ̀n náà:

fwupdmgr refresh
fwupdmgr update

Ó wọlé wẹ́rẹ́.

Bí ẹ ò bá rí dump kankan, ẹ fi mokutil --list-enrolled wò bóyá kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ tí ẹ fi jẹ́ kí Secure Boot gba VirtualBox tàbí NVIDIA láyè ṣì ń jókòó síbẹ̀. Ẹ mú fáìlì .der rẹ̀ (ìwé-ẹ̀rí kọ́kọ́rọ́ náà), ẹ lo sudo mokutil --delete, kí ẹ sì fọwọ́ sí i lójú ewé búlúù tó máa yọ nígbà tí ẹ bá tún un tàn. BIOS tuntun náà máa ń ṣèrànwọ́. "Restore factory keys" inú BIOS ni mo máa ń fi ṣe ìgbẹ̀yìn, torí ó lè dá dbx padà sí ti àtijọ́.

Kí tíṣà tó lọ, mo wo ìdí tí dump fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. systemd-pstore, iṣẹ́ kan nínú Linux, ló yẹ kó máa kó wọn lọ sí /var/lib/systemd/pstore; ẹnì kan ti pa á lórí ẹ̀rọ náà. Mo tàn án padà:

sudo systemctl enable systemd-pstore